Súpáfáísọ̀ ni ilé iṣẹ́ lójú òṣìṣẹ́: ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí iṣẹ́ lè wọ òṣìṣẹ́ lọ́kàn

Obìnrin tó ń di píọ̀ wọ́tà sínú àpò ní ilé iṣẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko kí òun àti ẹni tó ni ilé iṣẹ́ má bára wọn sọ ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ. Alága lè máa gbé Ìbàdàn tàbí Èkó, máníjà sì wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé owó. Ẹni tí obìnrin yìí ń rí láràárọ̀, tó ń ka àpò rẹ̀, tó ń pinnu bóyá kó lọ tàbí kó má lọ nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná, súpáfáísọ̀ ni. Bí súpáfáísọ̀ bá bú u, ilé iṣẹ́ ló bú u. Bí ó bá gba tiẹ̀ rò, ilé iṣẹ́ ló gba tiẹ̀ rò. Robert Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti 1986. Wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ máa ń wo ilé iṣẹ́ bí ẹni pé èèyàn kan ni, á máa bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé ẹni yìí kà mí sí?” Ìwà ọ̀gá tó sún mọ́ ọn jù wà lára ohun tó ń fún un ní ìdáhùn.

Ìdí tí òṣìṣẹ́ fi ń dúró síbi iṣẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Ní 1991, John Meyer àti Natalie Allen, ọ̀mọ̀wé méjì ní Kánádà, pín in sí mẹ́ta. Ẹnìkan dúró nítorí ó wù ú, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ẹlòmíràn dúró nítorí ohun tó máa pàdánù bó bá lọ: owó ilé ìwé ọmọ ń dúró dè é, kò sì ríṣẹ́ mìíràn. Ẹnì kẹta dúró nítorí ó kà á sí ohun tó tọ́, bóyá torí pé ilé iṣẹ́ ti gbà á sílẹ̀ nígbà kan. Ti àkọ́kọ́ ni a ń bá bọ̀ níbí, torí òun ni súpáfáísọ̀ lè bà jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ìlú bíi Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ oṣù kò ti pọ̀, ó rọrùn láti ṣi èyí kà. Alága á wo ìwé, á rí i pé ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, á ní inú àwọn èèyàn òun dùn. Ìwádìí tí Bennett Tepper ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2000 fi òdìkejì hàn: àwọn tí ọ̀gá wọn ń fojú wọn gbolẹ̀, tí wọn kò sì kúrò, ìfẹ́ wọn sí ilé iṣẹ́ ti dín kù, àmọ́ ìdúró tipátipá wọn pọ̀ sí i. Ẹni tó dúró báyìí á rí i pé rọ́ọ̀lù ọ̀rá ti ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ, á sì dákẹ́. Á gbọ́ tí mọ́tò ń dún bákan, á máa dàpò tiẹ̀ lọ. Kò jalè, kò pa iṣẹ́ jẹ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, gbogbo ohun tó ì bá tètè sọ fún yín ni ẹ ó fi owó mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ wà

Ẹ mú ìwé ìwọlé oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ pín in sí abẹ́ súpáfáísọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sí ọjọ́. Ẹ ka ohun mẹ́ta: àwọn tó lọ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń pa ọjọ́ Ajé jẹ, àti àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé wọn kúrò ní iṣẹ́ àárọ̀ lọ sí ti alẹ́ tàbí láti alẹ́ sí àárọ̀. Ti ìkẹta yìí ṣe pàtàkì gan-an. Obìnrin tó ní ọmọ kékeré nílé, tó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ alẹ́, ó ṣeé ṣe kó máa sá fún ẹnìkan ní àárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè. Ẹni tí yóò béèrè kò gbọdọ̀ jẹ́ súpáfáísọ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí rẹ̀. Èdè Yorùbá ni kó fi béèrè, kó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tó:

- Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yìí láìdáa níta, ṣé ó máa ń dùn yín?
- Bí ọmọ àbúrò yín bá ń wáṣẹ́, ṣé ẹ ó mú un wá síbí?
- Nígbà tí ẹ ṣe àṣìṣe kẹ́yìn, kí ni wọ́n sọ fún yín, ta ló sì wà níbẹ̀?
- Kí lẹ rí lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù yìí tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Méjì àkọ́kọ́ ń wọn ìfẹ́. Méjì tó kù ń fi ibi tí ìfẹ́ ti ń jò hàn. Bí àwọn tó wà lábẹ́ súpáfáísọ̀ kan kò bá pé márùn-ún, ẹ da ìdáhùn wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn, torí yóò rọrùn láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹnìkan nítorí ìdáhùn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ kò ní gbọ́ òtítọ́ mọ́ láéláé.

Ìkíni, àti ọ̀rọ̀ “ẹ” àti “ìwọ”

Ibi tí ìbínú ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa nìyí, ìwé àwọn òyìnbó kò sì sọ ọ́. Súpáfáísọ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé gíga. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀. Bó bá pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní “ìwọ”, ì báà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó ti bú u. Obìnrin náà kò ní fèsì. Yóò gbé e délé, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dé ọjà kó tó di ọjọ́ kejì.

Ẹ sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá ju súpáfáísọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, “ẹ” ni, nígbà ìbáwí pàápàá, nígbà ìbáwí gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Kó pè é ní Ìyá Bùnmi tàbí Bàbá Ṣọlá bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é. Ẹni tó kéré, kó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa jẹ́ “ìwọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn”.

Wàhálà kan tún wà nínú ìkíni. Àṣà ní kí ọmọdé kọ́kọ́ kí àgbà. Ipò ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ kí ọ̀gá. Nítorí náà, ní aago méje àárọ̀, súpáfáísọ̀ ń dúró dè wọ́n, àwọn náà ń dúró dè é, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ojú líle. Ẹ tú kókó yẹn: súpáfáísọ̀ ni kó lọ kí wọn. Kó yí ilé iṣẹ́ ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, torí bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ra mọ́. Kó sọ ohun tí iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́, ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́, àti àyípadà bó bá wà. Ẹni tó ṣàìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ara ńkọ́?” ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ìbéèrè nípa ìwé dókítà lè tẹ̀lé e.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí dáadáa, torí ojú ẹ̀bi ni òṣìṣẹ́ ti ń mọ ẹni tí ilé iṣẹ́ jẹ́ gan-an.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó ń jò yẹ̀ wò. Ogún ọ̀rá ló ń wọ àpò kan. Bí mẹ́ta bá jò nínú rẹ̀, oníbàárà á dá àpò padà, súpáfáísọ̀ á sì kọjú sí ẹni tó dì í, torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Á pariwo níwájú gbogbo èèyàn: “Ṣé orí ẹ pé báyìí? Owó àpò mẹ́wàá ti lọ lára ẹ!” Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ obìnrin yẹn mọ́. Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó tì í mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á sì kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà: níbí yìí, ẹni tó kéré jù ló ń jẹ gbèsè.

Ohun tó yẹ kí súpáfáísọ̀ ṣe nìyí. Kó mú ogún ọ̀rá tó ń jò. Kó fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, kó tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ lórí tábìlì, kó fi bírò sàmì sí ibi tí omi ti yọ. Bí àmì bá pọ̀ sí ojú ìdì, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti lẹ ọ̀rá pọ̀, lókè, nísàlẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ ni. Kó wá fi ọwọ́ fa ojú ìdì náà. Bó bá ń ṣí bí ẹni ń ṣí páálí tó rin, ooru hítà, irin gbígbóná tó ń lẹ ọ̀rá pọ̀, kò tó: bóyá iná tó ń wọlé kò lágbára, bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀, wọn kò sì dúró kí hítà gbóná tán. Bó bá fẹ́lẹ́, tó ṣú, tó sì ń gé, ooru ti pọ̀ jù, tàbí kí Teflon, ìbòrí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ irin, ti jóná lẹ́nu hítà. Bí ihò bá wà ní àárín ọ̀rá, tí kò sì sí ní ojú kan náà, nígbà náà ni kó wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o: ìṣó tó yọ lára tábìlì, bááfù tó ti sán, èékánná, tàbí bí wọ́n ṣe ń jù ú. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kó má ṣe é lóun nìkan. “Ìyá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rá yìí. Ibo lẹ rò pé ó ti ń jò?” Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rá ló ń gba ọwọ́ obìnrin yìí kọjá lójúmọ́. Ó lè ti mọ̀ láti aago mẹ́sàn-án pé ọ̀rá ń rọ̀ lẹ́nu ìdì. Ìbéèrè yẹn ń fún un ní àyè láti sọ ọ́, ó sì ń sọ fún un pé ìmọ̀ rẹ̀ wúlò.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ní ilé iṣẹ́ kajú. Wọ́n á máa bá àwọn tó ń fọ́ èso wí pé èso tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ ń pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé èso kò jiná tó nínú ooru omi, tàbí pé wọn kò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó fọ́ ọ. Òróró inú èèpo kajú máa ń jó ọwọ́. Súpáfáísọ̀ tó rí ọwọ́ tó ti bó, tí kò béèrè ìbọ̀wọ́ tàbí òróró tí wọ́n ń fi pa ọwọ́, tó jẹ́ pé èso tó fọ́ wẹ́wẹ́ nìkan ló ń kà, ó ti sọ ohun gbogbo tí òṣìṣẹ́ nílò láti mọ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ bá a wí lọ́jọ́ náà, níkọ̀kọ̀, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ohun tó fà, ohun tó gbọdọ̀ yí padà, kí ẹ sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Ẹ má gbé ẹ̀ṣẹ̀ oṣù tó kọjá wọ inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òwe gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọmọ yín. Àgbàlagbà tó ń fi agbára rẹ̀ gbowó ni. Èébú òwúrọ̀ kò ṣeé fi ẹ̀rín ìrọ̀lẹ́ pa rẹ́.

Kíka iṣẹ́, owó, àti ohun tí òfin sọ

Níbi tí owó ti ń tẹ̀lé iye àpò, ìṣírò ni ìfọkàntán. Ẹ má ka iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ nìkan. Ẹ kà á ní ọ̀sán àti ní àṣálẹ́, níwájú ẹni tó ṣe é, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí òṣìṣẹ́ mú ẹ̀dà kan dání. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ fún un ní agolo tó ní àmì tiẹ̀. Bó bá ti gbé àpò kan kalẹ̀, wọ́n á fún un ní ike pélébé kan, á jù ú sínú agolo. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ da agolo sílẹ̀ kẹ́ ẹ jọ kà á. Ìjà ọjọ́ owó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹ̀rọ tí èèyàn jókòó tì, owó ni. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tí kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀ á di àpò púpọ̀ ju ẹni tó wà nídìí èyí tó ń kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ ìjókòó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri ṣáájú ọjọ́ Ajé. Bí súpáfáísọ̀ bá ń pín in lọ́kàn ara rẹ̀, ọmọ ìjọ rẹ̀ ni wọ́n á sọ pé ó fi síbi tó dára, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lórí gígé owó, ọ̀pọ̀ súpáfáísọ̀ kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ lòdì sí Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí ó ba á jẹ́ nípa àìbìkítà, kí wọ́n tó gé kọ́bọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọdọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lákọsílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọdọ̀ sinmi, àròpọ̀ ìsinmi náà kò sì gbọdọ̀ dín sí wákàtí kan. Kí ó ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú méje. Kí abiyamọ rí ìlàjì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Kí ìwé àdéhùn iṣẹ́ sì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ tẹ àwọn òfin yìí ní Yorùbá, kí ẹ lẹ̀ wọ́n síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí wọn. Òṣìṣẹ́ tó rí i pé ilé iṣẹ́ ló fúnra rẹ̀ fi ẹ̀tọ́ òun han òun kò ní tètè gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Àyè

Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú yóò lọ sin bàbá rẹ̀. Bí súpáfáísọ̀ gbà, bí kò gbà, yóò lọ. Ohun tí “rárá” ń ṣe kò ju pé ó lọ pẹ̀lú ìbínú, ó sì lè máà padà. Ẹ fún súpáfáísọ̀ ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìdajì ọjọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó dé ọ̀dọ̀ máníjà. Kí ìdáhùn jáde láàárín wákàtí kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó sọ ìdí, kó sì sọ ìgbà tó lè ṣeé ṣe. Ẹ ní ìwé kékeré kan fún un: orúkọ, ọjọ́, ohun tó béèrè, ìdáhùn, ìdí. Lópin oṣù, ẹ wò ó bóyá àwọn kan náà ló ń gba “bẹ́ẹ̀ ni” ní gbogbo ìgbà. Kí àìsí ẹnìkan má bàa dá iṣẹ́ dúró, nínú mẹ́wàá tó ń dàpò, ẹ kọ́ méjì ní iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí kò sí àyè fún rárá. Súpáfáísọ̀ tó ń béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ obìnrin kó tó fún un ní ẹ̀rọ rere, ọjọ́ ìsinmi tàbí iṣẹ́, ẹ lé e. Kí àròyé náà ní ọ̀nà tí kò gba ọwọ́ súpáfáísọ̀ kankan kọjá, kó jẹ́ ọ̀dọ̀ obìnrin àgbà kan tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri.

Ẹni tuntun

Láti 1940 sí 1945, nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ àwọn fómàànù, ìyẹn àwọn súpáfáísọ̀ ìgbà náà, ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí wọn yóò fi máa kọ́ ẹni tuntun, ó sì bá ilé iṣẹ́ wa mu títí dòní. Fi í lọ́kàn balẹ̀, kí o bi í léèrè ohun tó ti mọ̀. Ṣe é fún un, kí o máa sọ ìdí bí o ti ń ṣe é. Jẹ́ kó ṣe é, kí òun náà máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n fi ẹni tó lè bi léèrè hàn án, kí o máa padà wò ó, kí ìbẹ̀wò náà sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ̀ ọ́n, olùkọ́ ni kò tíì kọ́ ọ. Fún ẹni tó ń dàpò, ẹ kọ́ ọ láti tò ó ní márùn-ún-márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, kó má máa ka ení, èjì títí dé ogún. Ojú rẹ̀ á tètè mọ̀ bí ọ̀kan bá dín.

Wọ́n tún kọ́ àwọn fómàànù náà pé kí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, kí wọ́n yin ẹni tó yẹ, kí wọ́n tètè sọ àyípadà tó ń bọ̀, kí wọ́n sì lo ẹ̀bùn tó wà lára èèyàn. Lórí ìyìn, ẹ sọ ohun náà pàtó. “Ẹ ṣeun o” kò burú, àmọ́ “mo rí i pé ẹ pe ọ̀pìrétọ̀ kí rọ́ọ̀lù tó já, ẹ ṣeun” ni òṣìṣẹ́ máa ń rántí.

Súpáfáísọ̀ náà ní ọ̀gá

Bí alága bá pe súpáfáísọ̀ lórí fóònù ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó sì bú u nítorí àpò tí kò pé, kó tó di aago méje, èébú náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dàpò. Bí owó àfikún rẹ̀ bá sì dá lórí iye àpò nìkan, yóò máa lé wọn bí ẹran. Ẹ fi iye àwọn tó dúró pé oṣù mẹ́ta àti iye ọ̀rá tó jò kún ohun tí ẹ fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ẹni tó yára jù nídìí ẹ̀rọ ṣe súpáfáísọ̀ nítorí pé ó yára. Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin, kí ẹ wo bó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí iná bá lọ. Lójú tiwa, ẹni tó ń bójú tó ju ogún èèyàn lọ kò lè mọ ìdílé wọn, ariwo nìkan ni yóò máa fi darí wọn. Bó bá ṣe àṣìṣe, ẹ bá a wí níkọ̀kọ̀. Ẹ má yí ìpinnu rẹ̀ padà níwájú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìrẹsì àti òróró ọdún Kérésì tàbí iléyá dára, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé àpò ìrẹsì yóò ṣe ohun tí oṣù mọ́kànlá ti bà jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún béèrè ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Kó tó di ìgbà náà, ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ tó máa ń dẹ́rù ba alága: àròyé yóò pọ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí súpáfáísọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀, wọ́n á sọ ti tábìlì tó ní ìṣó, ti ilé ìyàgbẹ́ tí kò ní omi, ti owó ọjọ́ méjì tí wọ́n gbàgbé ní oṣù tó kọjá. Ẹ má ṣe rò pé a ti bà wọ́n jẹ́, ẹ má sì dá súpáfáísọ̀ padà sí ìwà àtijọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ṣe èyí tó rọrùn jù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó ṣe èyí tó kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣó tábìlì.